Lẹ́tà sí alága INEC: ẹ bá wa tún ẹkùn ìdìbò Alimosho gé

Ọ̀jọ̀gbọ́n Joash Ojo Amupitan sà,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ sì kú ọ̀rọ̀ ìlú, torí iṣẹ́ tí wọ́n gbé lé yín lọ́wọ́ ní oṣù kẹwàá ọdún 2025 yẹn, iṣẹ́ ńlá ni. Yorùbá ni mo fi kọ lẹ́tà yìí, ọmọ Ayetoro Gbede ni yín, ará Òkun, ẹ máa gbọ́ gbogbo ẹ̀ láìsí pé ẹnikẹ́ni ń túmọ̀ fún yín, àti pé àwọn tọ́rọ̀ kàn níbí, àwọn ìyá tó ń tajà ní Ayobo, àwọn onímárúwá tó ń ná Ipaja, mo fẹ́ kí àwọn náà kà á kí wọ́n sì máa fi ránṣẹ́ síra wọn lórí Wasáàpù.

Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún ò pọ̀. Ẹ tún àwọn ẹkùn ìdìbò ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀ Èkó gé, kí ẹ sì bẹ̀rẹ̀ láti Alimosho, torí bó ṣe wà yìí ó ń rẹ́ wa jẹ, ó sì ti pẹ́ tó ti ń rẹ́ wa jẹ.

Ẹ jẹ́ ká wo nọ́ńbà, nọ́ńbà ìjọba fúnra ẹ̀ o. Ìkànìyàn ọdún 2006 sọ pé èèyàn 1,277,714 ló ń gbé Alimosho. Ajeromi-Ifelodun ló tẹ̀lé wa, 684,105 ni tiwọn, ìyẹn ni pé ẹni tó ṣìkejì fi díẹ̀ ju ìdajì wa lọ ni. Epe jẹ́ 181,409. Ibeju-Lekki ló kéré jù, 117,481. Ó dáa. Ìjókòó 40 ló wà nílé aṣòfin ìpínlẹ̀ ní Alausa, ìjọba ìbílẹ̀ tí òfin ilẹ̀ wa mọ̀ ní Èkó sì jẹ́ 20, wọ́n wá pín in ní méjì-méjì kárí, Alimosho méjì, Epe méjì, Ibeju-Lekki méjì. Téèyàn bá gbọ́ ọ lókèèrè á ní kò sí ìrẹ́jẹ níbẹ̀, ṣebí gbogbo wọn ló gba méjì. Ṣùgbọ́n ẹ bá mi ṣírò ẹ̀ sà. Ọ́nọ́rébù kan ní Alimosho ń ṣojú èèyàn 638,857. Ọ́nọ́rébù kan ní Ibeju-Lekki ń ṣojú bíi 58,740. Tó bá wá dọjọ́ tí wọ́n máa dìbò lórí bájẹ́ẹ̀tì ní Alausa, ìbò kan-kan náà ni àwọn méjèèjì ní, ohùn tí ẹyọ èèyàn kan ní ní Ibeju-Lekki, èèyàn bíi mọ́kànlá ló ń pín in jẹ lọ́dọ̀ tiwa.

Ẹ̀yin lẹ mọ òfin jù mí lọ, SAN ni yín, olùkọ́ òfin ni yín, mi ò ní ṣẹ̀ṣẹ̀ máa kọ́ yín. Àmọ́ nítorí àwọn tó máa kà á, ẹ jẹ́ n sọ ọ́. Abala 113 nínú ìwé òfin 1999 sọ pé iye èèyàn tó wà nínú ẹkùn ìdìbò kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ sún mọ́ ara wọn bó bá ṣe lè ṣeé ṣe tó. Tẹ́ ẹ bá pín èèyàn Èkó ti 2006, ìyẹn 9,113,605, sí ọ̀nà 40, ohun tó kan ẹkùn kọ̀ọ̀kan jẹ́ bíi 227,840. Alimosho nìkan gba ìjókòó márùn-ún àbọ̀ kọjá nínú ẹ̀. Ibeju-Lekki ò kún ẹyọ kan. Abala 114 wá fún àjọ yín lágbára láti yẹ gbogbo ẹ̀ wò, kí ọdún mẹ́wàá ó kéré tán wà láàárín ìgbà kan sí èkejì, ó sì tún sọ pé tí wọ́n bá ti ka èèyàn, ẹ lè yẹ̀ ẹ́ wò nígbàkígbà torí ìkànìyàn yẹn. Ìgbà wo wá la yẹ̀ ẹ́ wò kẹ́yìn? 1996 ni. Ìjọba Abacha ni.

Sà, ẹ jẹ́ n padà sẹ́yìn díẹ̀, torí àwọn ọmọ tó ń dìbò báyìí rò pé bí wọ́n ṣe gé e yìí ni Ọlọ́run ṣe dá a látilẹ̀.

Kí ìpínlẹ̀ Èkó tó wà rárá, Western Region ni apá ibi tí à ń gbé yìí wà, Ikeja Division ni wọ́n ń pè é, Ibadan sì làwọn bàbá wa ń rán aṣojú lọ. Èkó ìlú gan-an kúrò lára Western Region ní 1954 nígbà tí wọ́n sọ ọ́ di ilẹ̀ ìjọba àpapọ̀, àwa tó wà lápá òkè níbí ò bá wọn lọ. Torí náà ìbò 1956 tí Action Group fi mú 48 nínú ìjókòó 80, tí NCNC mú 32, a wà níbẹ̀. Ti August 1960 náà ńkọ́, ìgbà tí ìjókòó ti kúrò lórí 80 tó di 124, a wà níbẹ̀. Ti October 1965 tó di wẹ́tíẹ̀, tí wọ́n ń dáná sun ilé àti èèyàn kiri, a wà níbẹ̀ náà. Mo fẹ́ kẹ́ ẹ mú nǹkan kan níbẹ̀ yẹn sà, láàárín ọdún mẹ́rin péré, 1956 sí 1960, ìjọba ìgbà yẹn ti tún gbogbo ẹkùn Western Region gé. Wọn ò ní kọ̀ǹpútà, wọn ò ní sátẹ́láìtì, wọ́n ṣe é.

Nígbà tí Gowon dá ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀ ní 27 May 1967 ni Ikeja, Badagry, Ikorodu àti Epe tó wá bá Èkó ìlú pàdé lábẹ́ òrùlé kan. Ológun ló ń ṣèjọba nígbà náà, kò sí ilé aṣòfin kankan tá a máa yan èèyàn sí, àfi ìgbà tó di July 1979. Ìbò yẹn, UPN ló kó ilé aṣòfin Èkó, Jakande sì di gómìnà, àwọn àgbà àdúgbò wa ṣì ń sọ ọ́ títí dòní pé àsìkò yẹn ni ìjọba kọ́kọ́ rántí pé èèyàn wà lẹ́yìn Ikeja, torí ilé ẹ̀kọ́ àti ilé tó kọ́ ṣì wà nílẹ̀, ẹni tó bá dé Ipaja, Abesan ibẹ̀ yẹn, máa rí àwọn ilé náà. Jakande tún rí i pé ìjọba ìbílẹ̀ tó wà ò tó, ó sọ ọ́ di 23. Àwọn ológun dé ní ọjọ́ tó kẹ́yìn ọdún 1983, nígbà tó fi di 1984 wọ́n ti wọ́ ọ padà sí 8. Ẹ máa rí i pé ọ̀rọ̀ yìí tún máa ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì.

14 December 1991 la tún dìbò ilé aṣòfin, àsìkò Babangida, ẹgbẹ́ méjì péré, SDP àti NRC, kò sí pé à ń tẹ̀ka sórí bébà, ńṣe lèèyàn ń tò sẹ́yìn ẹni tó fẹ́ ní gbangba kí wọ́n wá kà wọ́n. Ìbò yẹn yàtọ̀ lágbègbè wa torí pé SDP ló pọ̀ jù nílé aṣòfin, síbẹ̀ gómìnà bọ́ sọ́wọ́ Michael Otedola ti NRC, torí ìjà Agbalajobi àti Sarumi lórí ẹni tó máa díje gómìnà ti fọ́ SDP sí méjì. Nínú gbogbo ìtàn ìdìbò Èkó, ibi tó wù mí jù nìyẹn, torí ó fi hàn pé àwọn èèyàn mọ ìyàtọ̀ láàárín ìbò gómìnà àti ìbò ilé aṣòfin, wọ́n lè fi ọwọ́ ọ̀tún mú eléyìí kí wọ́n fi tòsì mú ìyẹn. Ilé yẹn ò pẹ́. November 1993 Abacha tú gbogbo ẹ̀ ká.

Abacha yìí náà ló wá gbé NECON, àjọ ìdìbò ìgbà yẹn, kalẹ̀, NECON ló gé ẹkùn ní 1996, ọdún kan náà tí wọ́n dá ìpínlẹ̀ tuntun mẹ́fà sílẹ̀. Ìbò àkọ́kọ́ tí wọ́n fi ẹkùn tuntun yẹn dì, ọ̀pọ̀ èèyàn ti gbàgbé ẹ̀, 6 December 1997 ni, ìbò ilé aṣòfin ìpínlẹ̀, àsìkò UNCP àti àwọn ẹgbẹ́ mẹ́rin yòókù. Abacha kú ní June 1998, Abdulsalami fagi lé gbogbo ìbò yẹn, ó tú NECON ká, ó dá INEC yín sílẹ̀. Gbogbo nǹkan NECON la dà nù tán, ìbò wọn, ẹgbẹ́ wọn, àjọ fúnra ẹ̀. Ìlà tí wọ́n fà sórí ilẹ̀ nìkan la gbé dání wá sínú ìjọba tiwa-n-tiwa.

Ìlà yẹn la fi dìbò 9 January 1999, nígbà tí olóògbé Akpata jẹ́ alága, AD ló kó Èkó. Òun la fi dì í ní 3 May 2003 lábẹ́ Guobadia, òun la fi dì í ní 14 April 2007 lábẹ́ Iwu, orúkọ ẹgbẹ́ ti di AC. 26 April 2011, Jega ti dé, ó ti di ACN. 11 April 2015, wọ́n gbé káàdì rídà wá, ó ti di APC. 9 March 2019. 18 March 2023, BVAS, ẹ̀rọ tó ń ya ojú olùdìbò, ti dé. Ìbò méje rèé sà, alága márùn-ún ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, bébà ti yí padà, rẹ́jísítà ti yí padà, a ti kúrò lórí ká máa fi pẹ́ẹ̀nì sàmì sí orúkọ dórí ká máa ya ojú èèyàn, ẹgbẹ́ tó ń ṣèjọba fúnra ẹ̀ ti pààrọ̀ orúkọ lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹkùn Alimosho ò yí padà.

Alimosho náà sì ti yí padà o. Ẹni tó bá mọ Ayobo ní 1999 tó bá dé ibẹ̀ lónìí ò ní mọ̀ ọ́n. Oko ni ọ̀pọ̀ ibẹ̀, ilẹ̀ ni wọ́n ń tà, àwọn tí owó ilé ń lé kúrò ní Mushin, ní Agege, ní Surulere, ibí ni gbogbo wọn sá wá. Wọ́n ra hááfù pílọ́ọ̀tì, wọ́n kọ́ yàrá méjì, wọ́n kó wọlé láìtíì rẹ́ ẹ, wọ́n bímọ, àwọn ọmọ yẹn ti gba PVC báyìí. Abule-Egba, Aboru, Meiran àti Alagbado, wọ́n kó gbogbo wọn sínú wọ́ọ̀dù kan ṣoṣo lórí ìwé yín. Wọ́ọ̀dù o! Ẹni tó bá wọ mọ́tò láti Abule-Egba lọ sí Alagbado láàárọ̀ ọjọ́ Mọ́ńdè mọ ohun tí mò ń sọ, ìlú mẹ́rin ni yẹn, ìlú tí kálukú wọn ní ọjà tiẹ̀.

Ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó fúnra ẹ̀ rí i. Ní 2003, Tinubu tó jẹ́ gómìnà nígbà náà dá LCDA 37, ìyẹn ìjọba ìbílẹ̀ tuntun tí ìpínlẹ̀ dá fúnra ẹ̀, sílẹ̀, gbogbo ẹ̀ wá di 57, Alimosho nìkan ni wọ́n sì pín sí mẹ́fà: Alimosho fúnra ẹ̀, Agbado/Oke-Odo, Ayobo-Ipaja, Egbe-Idimu, Ikotun-Igando, Mosan-Okunola. Obasanjo ò gbà, ó di owó ìjọba ìbílẹ̀ Èkó mú, ọ̀rọ̀ dé Supreme Court lọ́dún 2004. Ilé ẹjọ́ sọ pé ààrẹ ò lẹ́tọ̀ọ́ láti di owó mú, ó sì sọ pé àwọn ìjọba ìbílẹ̀ tuntun yẹn ò tíì pé lójú òfin títí ilé aṣòfin àgbà, ìyẹn National Assembly, á fi fọwọ́ sí i. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ti Jakande nìyẹn tó tún fẹ́ ṣẹlẹ̀, ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí wọn ò pa á rẹ́. Ní 12 July 2025, LASIEC, àjọ ìdìbò ìpínlẹ̀ Èkó, ṣe ìbò káńsù, a yan alága mẹ́fà ní Alimosho, alága mẹ́fà pẹ̀lú àwọn káńsílọ̀ wọn. Tó bá wá di ti Alausa, mẹ́fà yìí á padà di méjì. Tó bá di ti House of Reps ní Abuja, gbogbo Alimosho látòkè délẹ̀, ìjókòó kan! Lagos Island tó jẹ́ 209,437 ní 2006 ní méjì ní Reps, Surulere ní méjì, Mushin ní méjì, Oshodi-Isolo ní méjì. Alimosho tó ju èyíkéyìí nínú wọn lọ ní ìlọ́po méjì, ẹyọ kan.

Mi ò bá ará Lagos Island jà, mi ò sì bá ará Ibeju-Lekki jà. Ilé ìfọpo Dangote wà lọ́dọ̀ wọn, èbúté Lekki wà lọ́dọ̀ wọn, àwọn abúlé tó wà létí òkun lọ́hùn-ún nílò ẹni tó máa gbẹnu sọ fún wọn, èèyàn sì ń ya lọ síbẹ̀ lójoojúmọ́, ó ṣeé ṣe kí iye wọn tòní yàtọ̀ pátápátá sí ti 2006. Ìdí tá a fi gbọ́dọ̀ tún un wò náà nìyẹn. Tó bá jẹ́ pé wọ́n ti pọ̀ tó láti ní méjì, kó hàn.

Kí ló kàn mí pẹ̀lú iye ọ́nọ́rébù, ṣé wọ́n ń fún mi lówó ni? Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń bi mí bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ n sọ ohun tí mò ń rí. Gbogbo ọ́nọ́rébù ní Alausa ló máa ń ṣe nǹkan fún ẹkùn wọn, wọ́n máa ń pín fọ́ọ̀mù GCE ọ̀fẹ́ fáwọn ọmọ, wọ́n máa ń gbé tíráńsífọ́mà wá, wọ́n máa ń fa iná ojú títì. Ká ní ọ́nọ́rébù méjì ra iye fọ́ọ̀mù kan náà, ọ̀kan pín in ní Epe, ọ̀kan pín in ní Alimosho, ẹ ronú bí ìlà á ṣe gùn tó lọ́dọ̀ wa àti iye ọmọ tó máa padà sílé lọ́wọ́ òfo. Tó bá di pé wọ́n pe ìpàdé ẹkùn, ìyẹn kí ọ́nọ́rébù wá jíhìn ohun tó ṣe láàárín ọdún, gbọ̀ngàn kan ni wọ́n ń lò. Gbọ̀ngàn wo ló lè gba àwọn tó yẹ kó bi í léèrè ọ̀rọ̀? Àwọn olórí ẹgbẹ́ àti àwọn ọmọ ẹ̀yìn wọn ló máa ń jókòó síwájú, àwa tá à ń gbé ní òpópónà tí gọ́tà ò sí, a ò mọ̀ pé ìpàdé wà títí wọ́n á fi gbé fọ́tò ẹ̀ síta.

Lọ́jọ́ 18 March 2023, mo wà lórí ìlà ní ibùdó ìdìbò wa. Bébà méjì ni wọ́n ń fún èèyàn, ti gómìnà àti ti ilé aṣòfin. Màmá kan tó wà níwájú mi ti tẹ̀ka sí àkọ́kọ́ tán, ó di ìkejì mú, ó ń yí i síwá sẹ́yìn, ó bi ọmọ kọ́pà tó wà níbẹ̀ pé "ta lẹni tá a fẹ́ yàn síbí yìí?" Ọmọ yẹn ò mọ̀. Lóòótọ́ kò sí bó ṣe lè mọ̀ látorí bébà, torí àmì ẹgbẹ́ àti lẹ́tà ẹgbẹ́ nìkan ló wà níbẹ̀, kò sí orúkọ èèyàn. Èèyàn méjì lórí ìlà bẹ̀rẹ̀ sí í jiyàn bóyá Alimosho Kìíní la wà tàbí Ìkejì. Àwọn tó ti ń gbé àdúgbò ṣáájú kí n tó dé ni o, kì í ṣe àlejò. Màmá náà tẹ àmì ẹgbẹ́ tó ti tẹ̀ tẹ́lẹ̀, ó ká a, ó jù ú sínú àpótí. Mi ò bínú sí i rárá. Ẹkùn tó tóbi tó báyẹn, ibo lèèyàn á ti mọ ẹni tó fẹ́ ṣojú òun, ìgbà wo ló fẹ́ kàn án lójú?

Ohun tó sì ń ṣẹlẹ̀ sáwọn tó fẹ́ díje ni pé ẹni tí kò bá lówó tàbí tí ẹgbẹ́ ńlá ò gbé dání kò lè kárí ẹ̀ láé. Tíṣà kan tí gbogbo Aboru mọ̀, tí wọ́n fẹ́ràn, kí ló fẹ́ fi kárí gbogbo ẹkùn náà? Ká ní ẹkùn Aboru àti àyíká ẹ̀ dá dúró, ó lè fi ẹsẹ̀ rìn ín láti ojúlé dé ojúlé. Ìdí tí ìjókòó yẹn fi máa ń jẹ́ ti alágbára nìyẹn, tó sì máa ń gbé ẹni tó bá jókòó sí i lọ síbi tó ga. Ẹ wo Sẹ́nétọ̀ Solomon Adeola, Yayi tá a mọ̀. Alimosho ló ti wọ Alausa ní 2003, ó wà níbẹ̀ di 2011, Alimosho yìí náà ló gbé e lọ sí Reps, ó bọ́ síbẹ̀ tán ó di sẹ́nétọ̀ Lagos West ní 2015, kó tó wá lọ di sẹ́nétọ̀ Ogun West ní 2023. Ẹni tó bá lè mú Alimosho, kò sí ibi tí kò lè dé. Mi ò sọ pé ó burú fún un. Ohun tí mò ń sọ ni pé ìjókòó tó yẹ kó jẹ́ àtẹ̀gùn àkọ́kọ́ fún ọmọ àdúgbò, ó ti ga ju ẹsẹ̀ ọmọ àdúgbò lọ.

Mo mọ ohun tí wọ́n máa sọ fún yín lọ́fíìsì. Wọ́n á ní kò sí ìkànìyàn tuntun, èyí tí wọ́n fẹ́ ṣe ní May 2023 ni Buhari sún síwájú tí kò sì tíì wáyé. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n 2006 wà nílẹ̀ o, ìkànìyàn tí òfin mọ̀ ni, ó sì ti tó ogún ọdún, ẹkùn tá à ń lò ṣáájú ẹ̀ ní ọdún mẹ́wàá. Ìjọba Èkó ìgbà yẹn ò fara mọ́ ọn, wọ́n láwọn ka èèyàn tó ju mílíọ̀nù 17 lọ, wọ́n ní wọ́n gé Èkó kúrú. Kódà ká fi ti èyí tó kéré ṣe é, èyí tí ìjọba àpapọ̀ kà, Alimosho ṣì yẹ ní márùn-ún. Kò sí nọ́ńbà kankan téèyàn lè mú tí méjì máa tọ́.

Wọ́n tún máa sọ pé iṣẹ́ ńlá ni, pé ó máa dá wàhálà sílẹ̀, pé àwọn olóṣèlú ò ní gbà. Ẹni tó wà níbẹ̀ ṣáájú yín, Ọ̀jọ̀gbọ́n Yakubu, bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n sọ fún un nípa ibùdó ìdìbò, torí Jega gbìyànjú ẹ̀ ní 2014 wọ́n ò jẹ́ kó ṣe é. Ní 2021 Yakubu ṣe é, ibùdó ìdìbò kúrò lórí 119,974 ó di 176,846 jákèjádò Nàìjíríà, ti Èkó kúrò lórí 8,462 ó di 13,325. Ogun ò jà. Ibùdó tuntun yẹn dé sí tòsí ilé mi, àwọn àgbà tí kò lè rin ọ̀nà jíjìn mọ̀ ọ́n lóore. Ti Warri náà wà níbẹ̀, December 2022 ni Supreme Court pàṣẹ fún àjọ yín pé kẹ́ ẹ lọ tún wọ́ọ̀dù àti ibùdó ìdìbò ibẹ̀ gé. Mo mọ̀ pé ìyẹn ti dá ìjà sílẹ̀ láàárín àwọn ẹ̀yà tó wà níbẹ̀, mi ò fojú kéré ẹ̀. Alimosho ò rí bẹ́ẹ̀. Ará Ayobo àti ará Igando ò bá ara wọn du ilẹ̀ baba ẹnikẹ́ni lórí ìlà yìí, gbogbo wa la máa jèrè ẹ̀. Kò sì yẹ kó jẹ́ pé àfi táwa náà bá lọ sí kóòtù ká tó rí ohun tí ìwé òfin ti kọ sílẹ̀.

Ibi tó le jù tí mo rí ni pé ìjókòó Alausa ò lè ju 40 lọ, òfin ló so ó mọ́lẹ̀ níbẹ̀. Tí Alimosho bá máa gba márùn-ún, ibòmíì gbọ́dọ̀ dín kù tàbí kí wọ́n so méjì pọ̀ di ẹyọ kan, ẹni tó wà lórí ìjókòó yẹn ò sì ní fẹ́ gbọ́ ọ. Ẹ máa nílò ọkàn akin, kí n má tan yín. Àbádòfin tó máa yọ 40 yẹn kúrò wà lọ́wọ́ àwọn aṣòfin, ìyẹn kì í ṣe tiyín, ṣùgbọ́n àyẹ̀wò tiyín ni, ẹ̀yin lẹ máa gbé e lọ síwájú ilé aṣòfin àgbà kí wọ́n fọwọ́ sí i, kò sì lè bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ àfi tí sáà ilé aṣòfin tó wà lórí oyè bá parí. Torí náà mi ò ní kẹ́ ẹ sáré ṣe é kó tó di ìbò 2027, ẹni tó bá ní kẹ́ ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ ń fa wàhálà fún yín ni. Tẹ́ ẹ bá bẹ̀rẹ̀ báyìí, tí ilé aṣòfin àgbà fọwọ́ sí i láàárín sáà tó ń bọ̀, 2031 la máa fi dìbò. Ó jìnnà, a máa dúró, ohun tá ò fẹ́ ni kó di 2031 kẹ́ni tó bá jẹ́ alága nígbà náà tún sọ pé àsìkò ò sí mọ́.

Àwọn tó ń ṣojú wa ní Alausa náà, mo ń fi àsìkò yìí bẹ̀ wọ́n. Wọ́n lè mú àbá wá sílé, kí wọ́n kọ̀wé sí INEC lórúkọ ilé. Iṣẹ́ yín máa fúyẹ́ sí i sà, tó bá jẹ́ pé ìpínlẹ̀ fúnra ẹ̀ ló ń béèrè.

Ẹ bá wa kéde ọjọ́ tí àyẹ̀wò yìí máa bẹ̀rẹ̀, kẹ́ ẹ rán àwọn òṣìṣẹ́ yín wá sí gbọ̀ngàn kan ní Ipaja tàbí Ikotun kí wọ́n gbọ́ tẹnu wa, kí wọ́n gbọ́ tàwọn ọba wa àtàwọn ẹgbẹ́ onílé àti ayálégbé, kì í ṣe tolóṣèlú nìkan. Ṣáájú ìyẹn pàápàá, ẹ tẹ máàpù ẹkùn méjèèjì, Alimosho Kìíní àti Ìkejì, kẹ́ ẹ kọ orúkọ òpópónà sí i, kẹ́ ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri ọ́fíìsì INEC tó wà ní ìjọba ìbílẹ̀ wa, kẹ́ ẹ sì gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ìyẹn ò nílò ìkànìyàn, kò nílò ilé aṣòfin àgbà, ẹ lè ṣe é lóṣù yìí.

Mo dúpẹ́ sà, mo ń retí èsì.

Olùdìbò kan láti Ayobo, Alimosho